Mo Ti Dá Ẹ̀rọ Rẹ Lóhùn

Trikania, Kàdúná,
Ọjọ́ Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Zulaiha Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù aléékúmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Abùjá? Ṣé wọ́n ń fún yín lóúnjẹ gidi níbi ẹ̀kọ́ tí wọ́n pè yín sí? Ọlọ́hun tó mú ọ dé ọ̀hún ni yóò mú ọ padà wálé. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, oorun ò ní gbé dírẹ́bà rẹ lọ, ohun tí o lọ wá ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le, àyà mi nìkan ni kò balẹ̀, ìyẹn ló sì mú mi jókòó kọ ìwé yìí kí ọkọ Fatima ará ilé wa tó jẹun tán, nítorí òun ló ń wa ọkọ̀ láti Kawo lọ sí Abùjá, ó sì ti ṣèlérí pé ọwọ́ rẹ lòun máa fi í lé.

Bàbá rẹ ránṣẹ́ láti abúlé, ó ní kí n kí ọ. Ó ní ẹsẹ̀ òun tún ti wú, òjò ti ya ògiri ilé ìdáná, ewúrẹ́ mi sì bí ìbejì, òun ti fi ọ̀kan tọrẹ fún lèmọ́mù. Hàbá! Èmi tí mo fi ilé sílẹ̀ wá bá ọ ṣọ́lé, ṣé ẹ̀yìn mi ló yẹ kí wọ́n ti máa fi ẹran mi wá láádá? Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ti ewúrẹ́ sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ ló gbà mí lọ́kàn.

Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ aboyún tó ń rọbí. Gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ń ṣe: n kò pa á, n kò jẹ́ kí epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, n kò gbé ìkòkò lé e lórí. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. O sọ fún mi kí o tó wọkọ̀ pé àwọn ará ilé ìwòsàn kan ní Nasarawa ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, Àlàmísì, wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i bóyá ẹ̀rọ rẹ lè máa bá wọn ṣètò àwọn aláìsàn wọn. Bó bá ṣiṣẹ́ lójú wọn, o ríṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, ìwọ á sì padà sídìí títẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fẹ́ sanwó. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Badrudeen, ọmọ ilé kejì tó ń ta fóònù ní Kawo, wá wò ó lánàá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí Àǹtí Zulaiha ń fìyà jẹ ara rẹ̀, pé ètò tuntun tí wọ́n ti sè sílẹ̀ wà, kéèyàn kàn tì í bọnú ẹ̀rọ ni, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti parí. Mo ní kó wò mí dáadáa. Mo ní a kì í ra ògì ọlọ́jà nílé wa. A máa ń rẹ àgbàdo fúnra wa ni, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó mọ̀ pé kò sí yanrìn nínú rẹ̀. Bí o ṣe ṣàlàyé fún mi náà nìyẹn: o ní ìwọ ò fẹ́ èyí tí ẹlòmíì ti sè, hóró rẹ̀ gan-an lò ń gbà láti òkè òkun, ẹ̀rọ rẹ ló ń lọ̀ ọ́, òun ló ń sè é, kó lè bá a lára mu. Bí hóró yẹn ṣe ń gba inú wáyà kọjá tí kò dí i ni kò tíì yé mi, ṣùgbọ́n mi ò ní bi ọ́ nísinsìnyí.

Àmọ́ o jẹ́ kó pẹ́ jù, Zulaiha. Ìwọ lo sọ pé ó yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ ohun tó bá ti gbó nínú ẹ̀rọ látìgbàdégbà kí olè má baà gba ihò àtijọ́ wọlé, ìwọ náà lo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wá rọ́ lura. Wọ́n wá dà bí ẹbí bàbá rẹ tí a bá pè síbi ìnáwó: èyí ní òun ò lè wá láìsí ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n ní òun ń dúró de ìyàwó òun, ìyàwó ní àfi kí ìyá òun kọ́kọ́ dé. Ìwé kéékèèké ń sáré gòkè lójú ẹ̀rọ, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń hu, ara rẹ̀ gbóná débi pé mo ka Fátíhà sí i. Iná ti lọ láti àná. Epo wọ́n, ọwọ́ àwọn tó ń gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì létí títì ni mo ti ń rà á. Fatima ní ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí ọmọ òun sùn, mo ní hákúrí, kó ní sùúrù, mo gba ọmọ náà pọ̀n. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì wà lẹ́yìn mi.

Láàárọ̀ yìí ni ariwo ẹ̀rọ ṣàdédé rọlẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Ìwé ò sáré mọ́, ohun kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú ìbéèrè. Ẹ̀kọ́ àgbà tí mo kà kò jìn, ṣùgbọ́n mo mọ yẹ́ẹ̀sì, mo mọ nóò, mo sì dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bi àlejò mọ̀, bóyá ó wù ú kó gba nǹkan. Mo ní háà, ẹ̀rọ yìí mọ èèyàn, ó fẹ́ fi nǹkan lọ̀ mí! Ìwọ náà mọ bí mo ṣe tọ́ ọ. Wọn kì í fi nǹkan lọ ọmọ gidi kó nawọ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta. O ó kọ́kọ́ ní rárá, ẹ ṣeun, á gba ibi ire. Onílé á tún rọ̀ ọ́, o ó ní kò pọn dandan. Ìgbà tó bá bẹ̀ ọ́ dáadáa lo tó gbà. Mo bá tẹ nóò, mo gbọ́wọ́ lé itan, mo ń dúró kó rọ̀ mí.

Kò rọ̀ mí o! Ó kọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan sílẹ̀, ó sì pa gbogbo iṣẹ́ tì. Irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyẹn?

Mo pe fóònù rẹ, obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi pè ọ́, pé ìyá rẹ ni. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ lé mi lórí, kò dáhùn ìkíni kan ṣoṣo. Mo tún pè, ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló tún sọ. Ẹni yòówù kó jẹ́, má fi fóònù rẹ sí i lọ́wọ́ mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé Badrudeen ò tíì lọ sọ́jà. Ó tẹ nǹkan méjì kan, ìbéèrè náà tún jáde, ó tẹ yẹ́ẹ̀sì, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní Ìyá, ẹ̀rọ ò mọ ìtìjú, ohun tí ẹ bá ti sọ ló gbà yẹn. Ó ní bó bá tún béèrè, kí n má bá a ṣe ọmọlúàbí kankan, kí n tẹ yẹ́ẹ̀sì. Ó bá ti Kawo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pèrun Àìlà, ó tún dákẹ́. Ìbéèrè tọ̀tẹ̀ yìí gùn. Ohun tí mo dá mọ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àtijọ́ àti èyí tí wọ́n fi ń pe tuntun, mo wá túmọ̀ rẹ̀ pé ó fẹ́ kó ètò tí ìwọ ti fọwọ́ ara rẹ ṣe sínú rẹ̀ jáde, kó fi tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rọ́pò. Ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Mo ní ṣé Zulaiha fẹ́ kí wọ́n kó àtijọ́ òun dànù? Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí nóò fojú mi rí láàárọ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Mo tẹ yẹ́ẹ̀sì. Ó béèrè òmíràn, mo ní yẹ́ẹ̀sì. Òmíràn, yẹ́ẹ̀sì. Mi ò bá a jiyàn rárá títí ó fi ní ó parí. Mo forí kanlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní kí àwọn ará Nasarawa máa bọ̀.

Ìdùnnú yẹn ò tíì balẹ̀ tí epo fi tán. Mo rọ òmíràn sí jẹnẹrétọ̀, mo fà á, mo tan ẹ̀rọ bí o ṣe kọ́ mi. Ó tàn, ó ní kí n sọ orúkọ. Mo kọ Zulaiha. Ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́, mo kọ èyí tí o sọ sí mi létí, tó gbà lọ́wọ́ mi kí o tó lọ. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rọra tún un kọ, ìka kan lórí ẹyọ kan. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ Àbẹ̀kẹ́. Mo fi orúkọ bàbá rẹ tì í. Mo tilẹ̀ kọ orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ọ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń jù padà sí mi lójú. Zulaiha, mo sunkún. Ẹ̀rọ tí ọmọ mi fi òógùn ojú rẹ̀ rà, òun ló ń sọ fún mi pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo wá ń bi ara mi pé, ta ló wà nínú àtijọ́ tí mo ní kó máa kó jáde? Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ látìgbà yẹn.

Jọ̀ọ́, bí ìwé yìí bá ti kàn ọ́ lọ́wọ́, bá ọkọ Fatima padà lónìí, má dúró de ọ̀la. Má bínú sí Badrudeen, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn èèyàn yẹn bá ṣaájú rẹ dé, màá fún wọn ní omi àti kùlìkùlì, màá sì fi ọ̀rọ̀ abúlé dá wọn dúró títí o ó fi wọlé. Mú owó epo dání, èyí tí o fi sílẹ̀ ti tán, fi ti ìpara ẹsẹ̀ bàbá rẹ sí i, kí o sì fi owó ọkọ̀ tí mo máa fi padà sílé kún un, nítorí bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ọ lọ́la nítorí ìka mi, mi ò mọ ojú tí mo máa fi wò ọ́.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ní pe orúkọ ara rẹ níbi tí o ti làágùn kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́. Àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rábíátù Moróunkẹ́.