Kuwabara Tokiji, Ẹni Tó De Sítíárìn Sí Apá Òsì (1938–2019)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 1938 ni a bí Bàbá wa, Kuwabara Tokiji, ní Kosai, létí adágún Hamana, ní ilẹ̀ Japan. Ọmọ kẹta ni wọ́n jẹ́ fún Kuwabara Jinpachi, apẹja, àti Matsue, ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1954. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, wọ́n ti di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Ní 1964, wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Sumie, ọmọ olóko tíì, tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù oko bàbá wọn kí ọkọ tó dé. Yukari ni àkọ́bí wọn.

Ní 1969 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Tsubame, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì tó ń jẹ́ orúkọ alápàńdẹ̀dẹ̀. Òkè òkun nìkan ni wọ́n ń tà á sí, nítorí náà apá òsì ni sítíárìn rẹ̀ wà, kì í ṣe apá ọ̀tún bíi ti ọkọ̀ ilé wa ní Japan, Bàbá sì wà lára àwọn tó ń dè é. Ní 1975 ilé iṣẹ́ fa imú ọkọ̀ náà gùn. Ní 1980 wọ́n fún un ní iná iwájú tó ń fara pamọ́. Ní 1986 wọ́n dá a dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ẹyọ 48,216. Bàbá kò gun ẹyọ kan rí. Àwọn awakọ̀ mìíràn ló ń gbé e lọ sí èbúté.

Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lára. Nílé, ilẹ̀kùn òsì ọkọ̀ wa ni wọ́n máa ń ṣí, wọn a jókòó, wọn a sì máa wá sítíárìn.

“Bàbá Yukari, ṣé olè ti jí sítíárìn wa ni?” Ìyá a pariwo látẹnu ọ̀nà.

“Mò ń dán ìjókòó yín wò ni.”

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1998. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbá àtẹ̀gùn tẹ́ńpìlì àdúgbò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí àwọn gun Tsubame kan kí àwọn tó kú.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, Kōhei ọmọ wọn rí ọ̀kan rà lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà kan ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, dókítà sì ti ní wọn ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn òsì ni wọ́n gbà lọ. Ìyá ti jókòó síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ lọ sápá ọ̀tún, Bàbá Yukari.”

“Ọ̀tún kẹ̀?”

“Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́! Òní lẹ máa gbọ́.”

Wọ́n yí adágún ká lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ sítíárìn, wọ́n fọwọ́ ba bóòtù tí wọ́n fi dè é, wọ́n ní, “Ó ṣì le.”

Wọ́n sùn ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Ìyá Sumie, Yukari, Kōhei àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn.

Bàbá, ẹ fẹ̀yìn ti ìjókòó. Ẹlòmíràn ló ń wakọ̀. Ẹ sùn re o.