Ó Gbé Ìyá Tirẹ̀ Jáde

Ẹ̀yìn Ọjà Ọsàn,
Òpópónà Larrañaga,
Salto, Uruguay.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2022.

Nibia, àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Valencia? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà nítorí bọ́ọ̀lù? Àwa náà wà níbí, ara le díẹ̀díẹ̀. Ìtànná ọsàn ti gba gbogbo ìlú, imú mi sì ń ṣomi bó ṣe máa ń ṣe lásìkò yìí. Heber ọkọ mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ṣì ń lọ pẹja lódò, kò sì tíì pa èyí tó tó sè.

Ìròyìn tí a ti ń retí ti dé: wọ́n ti sọ Wilmar Techera sẹ́wọ̀n láti oṣù tó kọjá. Ọdún mẹ́ta. Iwájú gan-an ni mo jókòó sí ní kóòtù, nítorí mo fẹ́ kí ó rí ojú mi bí adájọ́ bá ń ka ìdájọ́ náà. Ó rí i. Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé. Màámi ló tọ́ ìwọ náà dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, ó sì yẹ kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Wilmar yìí ló ni ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí a gbé Màámi lọ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀. Nígbà tí Kòrónà dé, ó ti géètì mọ́ gbogbo àwa ọmọ, mo sì yìn ín fún un. Ojú fèrèsé ni mo ti ń kí Màámi. Èmi níta, àwọn nínú, a ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Mo rò pé ààbò nìyẹn. Àṣé àwọn olùtọ́jú tí Wilmar gbà ń ti ibẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtọ́jú rẹ̀ kejì ní òdìkejì ìlú, wọn á tún padà wá, ìbòmú kan náà ni wọ́n sì ń lò títí okùn rẹ̀ á fi já. Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó bẹ Wilmar pé kí ó jẹ́ kí òun lọ sílé. Wilmar ní ta ló máa wá fún àwọn arúgbó lóúnjẹ? Ó ní kí ó mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹnu olùtọ́jú náà ni mo ti gbọ́ èyí lẹ́yìn ìsìnkú.

Mo pè wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Wilmar fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù.

“Mirtha, koko lara Màmá yín le. Wọ́n ń sùn ni, ooru ló mú wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nibia, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ìgbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi máa dé ẹnu géètì, ó ti pẹ́ jù. Àwọn mẹ́sàn-án ló kú nínú ilé yẹn. Inú ọ̀rá ni wọ́n di Màámi sí. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun wọn, ìwọ náà sì mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn kí a máa ya irun náà fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni olóríburúkú yìí bọ́ sórí rédíò, ó ń sunkún. Ó ní àrùn ò mojú ẹnikẹ́ni, ó ní ìyá òun gan-an wà nínú ilé náà, Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Gbogbo Salto bá a dárò. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì fún mi ní, “Ó mà ṣe o, ọkùnrin dáadáa.” Mo fi búrẹ́dì náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, n kò sì padà ra níbẹ̀ mọ́ títí dòní.

Mi ò lè jókòó. Mo kó àwọn ẹbí àwọn tó kú jọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a ó lọ síwájú ilé Wilmar, a ó máa fi ṣíbí lu ìkòkò, a ó sì máa pe orúkọ àwọn òkú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe ọlọ́pàá sí wa. Lọ́jọ́ kan ó yọrí lójú fèrèsé.

“Mirtha, ẹ lọ tọ́jú orí yín! Ikú ìyá yín ló ń dà yín láàmú!”

“Òun ni,” mo dá a lóhùn. “Òun náà ló sì máa da ìwọ láàmú.”

Heber ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó jẹ́ kí n bá a ṣe èyí.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí mo fi lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Heber lọ́jọ́ kan. Mo rí mọ́tò Wilmar níwájú ilé ìtajà oògùn, wọ́n sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. Ta ni mo rí nínú rẹ̀? Màmá Zulma, ìyá Wilmar. Àwọn àti Màámi ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà, tí wọ́n jọ ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì jọ ń pín ọsàn jẹ.

“Mirtha! Wá níbí kí n rí ọ. Kí ló ṣe ìyá rẹ? Ṣé ó ń bínú sí mi ni? Láti ìgbà tí Wilmar ti gbé mi lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀ tó wà nídìí ìsun omi gbígbóná lẹ́yìn odi ìlú, Ofelia ò pè mí rárá.”

“Ìgbà wo ló gbé yín, Mà?”

“Ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ ikọ́ ni. Ó sáré wọlé lọ́sàn-án gangan, ó ní kí n dìde kíá, pé àrùn ti wọlé. Mo ní kí a mú Ofelia dání. Ó ní kí n jẹ́ ká lọ ná, òun máa padà wá mú un. Àbí kò padà wá ni?”

Nibia, Wilmar mọ̀ pé àrùn náà ni! Ó mọ̀! Lọ́jọ́ tó ń sọ fún mi pé Màámi ń sùn, ó ti gbé ìyá tirẹ̀ pamọ́. Mo lè pa ẹnu mọ́, kí n fi arúgbó náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí Wilmar tó ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́, mo sì dúró títí ó fi súnmọ́ wa tó láti gbọ́.

“Màmá Zulma, Màámi ti kú. Ẹnikẹ́ni ò padà wá mú wọn.”

Wọn ò sunkún. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. “Wilmar, ṣé lóòótọ́ ni?”

“Màámi, ẹ má dá obìnrin yìí lóhùn, orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀.”

Wilmar kọjú sí ọ̀rá oògùn ọwọ́ rẹ̀. Màmá Zulma ṣílẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n di apá mi mú. “Mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí.” A fi Wilmar sílẹ̀ nínú oòrùn níbẹ̀.

Ẹnu wọn yìí náà ló sọ ọ́ ní kóòtù. Lọ́yà Wilmar fẹ́ fi ọjọ́ orí ba ẹ̀rí wọn jẹ́. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́?” Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀. “Ọjọ́bọ̀ ni. Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ pé sípù ṣòkòtò rẹ ṣí sílẹ̀?” Kóòtù bú sẹ́rìn-ín, adájọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi ohun tí ọmọ wọn wí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú Wilmar ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi sọ ọ́ tán, ohùn wọn ò gbọ̀n.

Ìjọba ti gba ìwé àṣẹ ilé ìtọ́jú méjèèjì lọ́wọ́ Wilmar, kò sì tún ní tọ́jú arúgbó kankan mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń já pátákó orúkọ ilé náà kalẹ̀, mo lọ tutọ́ sí i. Mi ò tijú. Ní báyìí, àwa ẹbí ń ti ilé ìtọ́jú kan bọ́ sí òmíràn nínú ìlú. À ń bi wọ́n pé níbo ni wọ́n máa ya ẹni tó bá húkọ́ sí, ta ló máa rọ́pò olùtọ́jú tí ara rẹ̀ ò yá, kí ló dé tí fèrèsé yìí ò ṣeé ṣí. Ẹ̀rù wa ń bà wọ́n. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni Màmá Zulma ń gbé báyìí, mo sì máa ń lọ kí wọn. Má rò pé àánú nìkan ló ń gbé mi lọ. Wọ́n máa ń lọ wo ọmọ wọn lẹ́wọ̀n, èmi sì fẹ́ gbọ́ bí ìyà ṣe ń jẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ó ti rù, kì í rí oorun sùn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù ò sì jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, “Aparúgbó” ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn débi pé mo mú kéèkì kejì lórí àwo. Wọ́n rí mi. Wọ́n bu omi gbígbóná sórí ewé mate nínú ife, wọ́n wá tẹjú mọ́ mi.

“Mirtha, ṣé ó ti tó ọ báyìí?”

“Kò tíì tó mi, Mà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n gbé ife náà lé mi lọ́wọ́. “Mu ún kí ó tó tutù.”

Mo mu ún.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Àwòrán Màámi wà nínú àpò ìwé yìí. Ibi tí àwọn ọmọ á ti máa rí i ni kí o gbé e kọ́ sí.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì dárí jì í,

Mirtha