Ìdí Tí Mi Ò Fi Kí Ọ Létí Òkun

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń dùn ún náà kí ọ, torí òun ló ń kọ́kọ́ jí nínú ilé yìí. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa, àbí orin náà lẹ̀ ń jẹ níbẹ̀? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohùn há ọ lọ́fun. Kò ní jẹ́ kí o máa kọrin kí àwọn èèyàn máa wẹ̀yìn. Àmín. Nílé níbí, àlàáfíà ni. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, àmọ́ ojú kan náà tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ ni. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá ẹ̀, èkejì jọ òbúkọ télọ̀, a ò sì tíì bá télọ̀ sọ ọ́.

Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín ti jíṣẹ́ rẹ. Ó ní o ní kí òun bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀ mí. Ó ní obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tẹ́ ẹ ti ń kọrin ló sọ fún ọ pé bàbá arúgbó kan wá, ó ní ọmọ òun ni ọ́, ó jókòó, ó gbọ́ orin rẹ tán, ó dìde, ó lọ, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó ní o ti ń pe fóònù wa látìgbà náà, a ò gbé e. Ó ní o sunkún. Ọ̀rọ̀ ẹkún yẹn ló mú mi lọ yá bírò lọ́wọ́ télọ̀. Jókòó, kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́.

Ìyá rẹ ló rán mi. Gbogbo ìyá tó wà ládùúgbò ló ní ọmọ nínú fóònù. Ọmọ aláṣọ ń jó nínú fóònù, ọmọ kápẹ́ńtà ń fọ mọ́tò nínú fóònù, tiwa nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá ń bi ìyá rẹ pé ṣé lóòótọ́ lọmọ ẹ̀ ń kọrin, àbí ẹnu lásán ni. Kò jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé mọ́tò, kí n gbé fóònù òun, kí n lọ bu orin rẹ sínú ẹ̀ wá fún òun.

Mo dé etí òkun, mo bá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní gáréèjì, kò sí jìbìtì tí mi ò rí rí, àmọ́ mi ò tíì rí olè tí èèyàn ń tò fún. Mo bi í pé ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ẹ má bínú, etí àti ojú nìkan la fi ń gbádùn níbí. Ó ki fóònù ìyá rẹ bọ àpò kékeré kan, ó tẹ ẹnu ẹ̀, ó dún pà, ó dá a padà fún mi. Mo fà á, kò ṣí. Mo fi eyín fà á. Ó ní tí mo bá ń lọ ni kí n wá kí òun ṣí i. Nǹkan mi wà lọ́wọ́ mi, àṣẹ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo ní ó dáa, bí ìgbéyàwó náà ṣe rí nìyẹn.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló fẹ́ kọrin, mo wọlé. Ibẹ̀ dùn, mi ò ní parọ́. Ọkùnrin kan ń kun àwòrán apẹja sórí pákó, apẹja náà jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ẹ̀, ó ń ráhùn pé imú òun ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi yanrìn mọ ilé tí omi ń bọ̀ wá wó, wọ́n mọ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ẹni tí ò mọ̀ mí rí kí mi, ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọn ò rí nǹkan tẹ̀, wọ́n wá ń wo ojú ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ìgbà yẹn lo jáde. O dúró lórí yanrìn láìwọ bàtà, o kọ orin ọmọ kan tó ń bẹ òkun pé kó rọra, kí òun lè sùn. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo pé ọmọ mi nìyẹn, àmọ́ mo rántí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Fóònù wà lẹ́wọ̀n. Kí ni mo fẹ́ bu orin sí? Orí mi ló kù. Bó o ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń kọ ọ́ sínú.

O sì mọ orí mi. Tí wọ́n bá ní kí n ra iyọ̀ àti ọṣẹ wá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jábọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi lanu kí ẹnì kan péré, orin á dànù. Mo di ẹnu, mo dìde, mò ń rìn bí ẹni tó ru omi tó kún dẹ́nu. Mo rí ọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn èèyàn yí ọ ká. Ẹsẹ̀ mi ti ń yà sọ́dọ̀ rẹ. Àmọ́ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, màá pè ọ́, tí mo bá sì pè ọ́, ìyá rẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo yíjú padà. Mo ti ru ẹ́ńjìnnì rí, kò wúwo tó ìyẹn. Obìnrin ẹnu ọ̀nà ń pariwo, Bàbá, Bàbá, àpò yín, mo kàn juwọ́ sí i.

Nínú mọ́tò, ìyá àgbà kan kí mi, mi ò dáhùn, ó sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo dé àdúgbò, bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ wà lójúde, ó ní mo kú ìrìn, mo kọjá lára ẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Ìbínú ẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ dòní. Ó ní àtìgbà tọ́mọ mi ti di olórin, mi ò rí àna sójú mọ́.

Mo wọ yàrá, mo kọ ọ́ fún ìyá rẹ. O mọ ohùn mi, bíi kẹ̀kẹ́ tí ò ní gírísì. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹsẹ̀ mú. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Tún un kọ." Mo tún un kọ. Ó ní àárín ẹ̀ dà. Àárín ẹ̀ ti jábọ́ sọ́nà, mo rò pé ibi tí ìyá àgbà yẹn ti ń bú mi ni.

Ìgbà yẹn la tó rántí fóònù, ó ṣì wà nínú àpò, nọ́ńbà rẹ náà sì wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o pè la gbọ́. Ó ń ké níbẹ̀ bí òròmọdìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin, ìyá rẹ á gbé e sétí, á ní ọmọ mi, mò ń gbọ́, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí á fi dákẹ́. Kápẹ́ńtà ní ká fi ọ̀bẹ là á. Mo ní rárá, àpò olóhun ni, ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti tì í, ẹni tó bá là á, ọlọ́pàá lè wá a délé. Níjẹta, ó ké díẹ̀, iná ẹ̀ tán. Ìyá rẹ fi aṣọ bò ó.

Torí náà, o ò ṣẹ̀ mí. Orin rẹ dáa. Mo gbé e dání ni, ọwọ́ mi ò ṣófo láti fi dì mọ́ ọ.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́, ti èèyàn méjì. Awakọ̀ ni kó o fún, má fi sínú fóònù o, owó tó bá wọ ibẹ̀ báyìí, ẹ̀wọ̀n ló lọ. Fi ti òróró tí ìyá rẹ fi ń wọ́ ẹsẹ̀ kún un. Ó ní kí n má sọ fún ọ, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kọrin fún un, àràárọ̀ ló ń rìn dé ìdí kànga, tó ń padà, kì í pọnmi. Mo bi í pé kí ló ń lọ ṣe. Ó ní òun kàn ń kọ́ ẹsẹ̀ ni.

Ọjọ́ tó o bá rí wa lórí yanrìn yẹn, má dá orin dúró. Kọ ọ́ dé àárín, kó o kọ ọ́ tán. Ìyá rẹ á wá kí ọ, èmi náà á kí ọ, títí á fi sú àwọn tó wà níbẹ̀. Ọlọ́run á pa ohùn rẹ mọ́ fún wa. Ibikíbi tó o bá ti la ẹnu, etí rere ni á máa bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò bínú.