Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì 1984
Rọpá-rọsẹ̀ mú Ìyá mi láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹ̀fíátù — Ọ̀gá Ilé! — ló ránṣẹ́ sí mi. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: "Ó tó."

Ọjọ́rú, 7 Máàṣì
Mo lọ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìmàle wa lọ fẹ́ Tíṣà mi, onítẹ̀bọmi, Ìyá kò pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́. Oríkì mi nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń kẹ́ mi ní kékeré. "Ìyàwó Tíṣà" ni mò ń jẹ́ báyìí, àfi bí àlejò. Mo fẹ́ gbọ́ Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mò ń fún wọn lẹ́kọ mu. "Ó tó." Mo gbé e kúrò. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá mi! Ọ̀gá Ilé bú sẹ́rìn-ín — o ò gbédè wa mọ́ ni? Bí wọ́n bá fa ọ̀rọ̀ náà gùn, wọ́n fẹ́ sí i ni. Bí wọ́n bá já a gé, kó o gbé abọ́ kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì
Mo kúnlẹ̀. Mo ní, Ìyá, ẹ forí jì mí.
"Ó tó."
Wọn ò fà á. Wọn ò já a gé. Ọ̀gá Ilé ní ìjà ti parí nìyẹn. Tíṣà ní bóyá ẹkún mi ló sú wọn. Ta ló bi í! Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Máàṣì
Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Ojú ń tì mí níbi méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Máàṣì
Ìyá ti lọ.
Mo sáré ra oògùn lọ́jà — kí n tó dé, wọ́n ti daṣọ bo Ìyá lójú. Ọ̀gá Ilé dì mọ́ mi. Ó ní Ìyá sọ̀rọ̀ o, wọ́n ní "Àwẹ̀ró", ó mọ́ ketekete. Ó ní òun ló bá mi jẹ́ ẹ.
Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nínú ẹkún náà, inú mi ń dùn. Kí Ọlọ́run má bínú.

Ọjọ́bọ̀, 15 Máàṣì
Àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Màmá Ràhámọ̀tù, àbúrò Ìyá, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ayọ̀ wà lójú wọn. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, Ìyá kò dá lọ. Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé Àwẹ̀ró ni ìyá tó bí àwọn ń jẹ́ ni? Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ẹni tó ń lọ, ìyá rẹ̀ náà ló ń pè. Òun ló wá pàdé wọn.
Ìyá Òkè ni gbogbo wa ń pe ìyá ìyá wa yìí. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó lórúkọ mìíràn.
Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ìtùnú ni wọ́n pè é.
Ta ni Ìyá pè nínú àwa méjèèjì?