Ohùn Súmbọ̀ Nínú Mọ́tò Lánlọ́ọ̀dù

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kọkànlá, 1979.

Ọláìyá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kàdúná níbẹ̀? Ìyá Súmbọ̀ ńkọ́, ṣé orúnkún náà ti ń jẹ́ kí ó rìn? Ọyẹ́ tiyín á ti mú gan-an. Tiwa níhìn-ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ni, ètè mi sì ti là. Èmi àti Cecilia ìyàwó mi wà láàyè, ebi kò sì pa wá. A dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Súmbọ̀ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ, ó lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìròyìn ní rédíò ní Èkó níhìn-ín. O ní o kò ní dáhùn ìwé rẹ̀ títí èmi tí mo kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá nílé ìwé yóò fi gbọ́ ọ, kí n sì sọ fún ọ bóyá èdè wa ló ń sọ, tàbí ó ń sọ ọ́ gba imú bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹrù ńlá lo gbé lé mi lórí, nítorí oṣù mẹ́ta rèé tí ọmọ náà ti ń retí ìwé rẹ.

Àná, ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ni wọ́n ní yóò kọ́kọ́ ka ìròyìn. Rédíò ilé mi sì ti kú láti ìgbà tí òrùlé ti jò lé e lórí. Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ onílé mi, Bartholomew. Mo fi ọdún mẹ́ta ju ọkùnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n òun ló ni ilé, nítorí náà ó ń pè mí ní Tíṣà, èmi ń pè é ní Lánlọ́ọ̀dù. Ó ní mọ́tò Morris Oxford kan tó dàgbà ju ọmọ rẹ lọ. Rédíò inú rẹ̀ dára, àfi pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ariwo kan á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń dín àkàrà. Bí mọ́tò bá ṣe ń sáré sí i ni epo ń gbóná sí i.

Mo ní kí a kúkú pa ẹ́ńjìnnì, kí a jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, kí a gbọ́ ọmọ. Ojú Lánlọ́ọ̀dù yí padà.

"Tíṣà, ṣé ọkọ̀ mi ti di àga ni? Rédíò mọ́tò, orí ìrìn la ti ń gbọ́ ọ. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ iná ní Coventry nílùú òyìnbó!"

Ó ra kondẹ́nsà, agolo kékeré kan bí àtàǹpàkò, tó ní wáyà kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Nojeem, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìyànà wa, kì í ṣe pé kó ṣiṣẹ́ o, kó wá wòran ni. Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná ní ẹsẹ̀ irin méjì lórí: ọ̀kan ń gba iná wọlé láti ibi kọ́kọ́rọ́, èkejì ń tì í jáde lọ bá disitirébútọ̀ tó ń pín in fún púlọ́ọ̀gì. Lánlọ́ọ̀dù ní ọ̀dọ̀ disitirébútọ̀ ni ariwo ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni kí a ti dè é mọ́lẹ̀. Ó so wáyà mọ́ ẹsẹ̀ kejì.

Nojeem, bàbá ọlọ́mọ márùn-ún, wúkọ́ díẹ̀. "Daddy, ẹ má bínú sà. Ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọlé la máa ń so ó mọ́ o. Níbi tẹ́ ẹ so ó mọ́ yẹn, iná púlọ́ọ̀gì á rẹ̀."

"Coventry lo ti kọ́ ọ ni?"

"Rárá sà. Ojúẹlẹ́gba ni."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ẹ ṣeun sà," Nojeem dáhùn. Mo ti ka ìwé ìlànà tó bá agolo náà wá, ohun tí Nojeem wí gan-an ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún onílé kọ́ níwájú ẹni tó kéré sí i, nígbà tí òrùlé ṣì ń jò? Mo kàn bẹ Nojeem pé kó bá wa lọ. Ó mú sípánà dání.

Lánlọ́ọ̀dù tan rédíò, a gbéra, ṣùgbọ́n láti Kétu ni mọ́tò ti ń húkọ́. Lánlọ́ọ̀dù ní ẹ́ńjìnnì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru. Bí a ti dé iwájú àwọn aláta ní Mile 12, ó ta gbì lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Lánlọ́ọ̀dù ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá, ariwo náà ń dún, ẹ́ńjìnnì kò jí. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì. Mo rò pé ìwé tí ọmọ rẹ ń retí ti sọ nù sójú títì nìyẹn.

"Ẹ pa kọ́kọ́rọ́," Nojeem ní láti ẹ̀yìn. "Rédíò ní wáyà tirẹ̀ láti bátìrì."

Ó pa á. Ariwo lọ pátá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo gbọ́: "Èmi Súmbọ̀ Ọláìyá ni n ó ka ìròyìn sétígbọ̀ọ́ yín."

Lánlọ́ọ̀dù yíjú sí Nojeem. "Ṣé o rí i? Mo ní n óò pa á." Ó pa á lóòótọ́, ariwo pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì.

Aláta kan, Alhaja Ajarat, ń bọ̀ wá bú wa pé a dí iwájú ọjà òun. Ó gbọ́wọ́ lé fèrèsé ọkọ̀, ó dúró. Ọmọ rẹ ń kà á pé ọkọ̀ ata kan ṣubú lọ́nà Jẹ́bà, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì yè. Alhaja ní kí a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìròyìn parí, ó ní, "Ọmọ ta nìyí? Àwọn yòókù, bí òyìnbó tí eyín ń dùn ni wọ́n ń sọ ọ́. Tèyí yé mi délẹ̀."

Èmi náà fetí wá àṣìṣe bí mo ti máa ń fi pẹ́ńsù pupa wá a. Mo rí méjì: ó kánjú níbi tó yẹ kó mí, ó sì gbé ohùn sókè jù níparí. Kò sọ ọ́ gba imú. Ohùn ìyá rẹ tó ti lọ ló fi ń sọ̀rọ̀, Ọláìyá, bí màmá ṣe máa ń sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ èèyàn.

Nojeem wá sọ̀kalẹ̀, ó ha ọ̀dà kúrò lára irin tí agolo náà jókòó lé kí ó lè kan irin gan-an, ó gbé wáyà lọ sí ẹsẹ̀ tó yẹ. Mọ́tò jí, rédíò ń kọrin, kò sẹ́ni tó ń dín nǹkan mọ́. Lánlọ́ọ̀dù kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi délé. N kò fi ọ́ wé e o; ìwọ kò dé Coventry rí.

Bá mi kí Ìyá Súmbọ̀, kí o sì ka lẹ́tà yìí fún un láìfo ibì kankan. Cecilia ní kí n kí yín púpọ̀. Má ṣe kọ èsì sí mi. Súmbọ̀ ni kí o kọ ọ́ sí. Mo rí i láàárọ̀ yìí, mo sì ti sọ fún un pé ìwé bàbá rẹ̀ wà lọ́nà. Má sọ mí di òpùrọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Elkanah Adébísí