Ìlà Dúdú Méjì: Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Màmá Tún-un-Wò

Sí ọkọ olóògbé, sí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti sí àbúrò wọn obìnrin tó dúró tì wọ́n títí dé òpin:

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, tí orí wa sì tún ń wú, ni àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú olùdarí wa, ìyá yín, tí wọ́n fi wá sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìbànújẹ́ wa kò nílò àlàyé. Ìwúrí wa ló nílò rẹ̀, nítorí a ti rí i pé apá kan wà nínú iṣẹ́ ìyá yín tí ẹ kò gbọ́ rí, àwa ló sì yẹ ká ti sọ ọ́ fún yín tipẹ́.

Nígbà tí a wá kí yín nílé, ọmọ yín àgbà sìn wá dé ẹnu géètì. Ó di irin géètì náà mú, ó sì bi wá ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá wa ṣe gan-an lọ́dún tí wọ́n lọ gba àbájáde iṣẹ́ wọn padà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀? Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ṣàṣìṣe." A wo ilẹ̀, a ní ó dàbọ̀, a sì wọ mọ́tò. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn tó yẹ kó gbà lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjìlélógún ni ìyá yín fi ṣiṣẹ́ nínú ilé alájà méjì wa. Lókè ni a ti ń tọ́jú ojú, nísàlẹ̀ ni a ti ń wá oró nínú oúnjẹ. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín méjèèjì, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bàtà ìyá yín ló jẹ sìmẹ́ńtì etí wọn. Àwọn àlejò máa ń béèrè pé kí ló kan ojú kan ẹ̀pà. Ìdáhùn wọn kì í yí padà: "Iṣẹ́ kan náà ni. Ohun tó wà níbẹ̀ tí èèyàn ò rí, òun ni mò ń wá."

Àwọn ọmọdé tí ojú wọn kan kò ríran tó èkejì ló gba ọkàn wọn jù lókè. Ìtọ́jú tí gbogbo dókítà mọ̀ ni pé kí a bo ojú tó dáa, kí èyí tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọmọdé wo ni yóò jókòó kí wọ́n bo ojú tó fi ń ríran? Wọ́n á ti já ìbòjú náà sọnù kí ìyá wọn tó yíjú padà. Ìyá yín wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán àdììtú: àmì róbótó kéékèèké lóríṣiríṣi àwọ̀, tí ẹranko kan sá pa mọ́ sáàárín wọn. Bí ọmọ bá fi awò ojú tí wọ́n ṣe fún un wò ó, ojú tó ń ṣe ìmẹ́lẹ́ nìkan ló lè rí ẹranko náà. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó lo ojú yẹn lọ. Láti ìgbà náà, wàhálà wa ni bí a ṣe máa rọ àwọn ọmọ láti lọ sílé. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọmọ tó ń fi ojú méjèèjì kàwé lónìí nítorí eré yẹn.

Nísàlẹ̀, oró tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó ti bu ni wọ́n dojú kọ. Kò ní òórùn, kò ní adùn, iná ìdáná kì í pa á, ẹ̀dọ̀ èèyàn ló sì ń bá jà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. A ó lọ ẹ̀pà, a ó pò ó mọ́ omi nínú ife, a ó sì ti bébà náà bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí oró, bébà náà á ní àwọ̀ ewé. Bí oró bá wà, á pọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹni méjì gbọ́dọ̀ ka bébà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìgbọ́ ohun tí ẹnì kejì rí. Ẹni tó bá yára sọ pé òun ti rí i, "Tún un wò" ni yóò gbọ́. Ibẹ̀ ni Màmá Tún-un-Wò ti wá. A rò pé wọn ò mọ̀ pé orúkọ tí a ń pè wọ́n lẹ́yìn nìyẹn, àfi lọ́jọ́ tí a bá a lára ife tíì wọn, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yẹ òfin náà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ohun èlò ìdánwò oúnjẹ fún wa ní gbèdéke tó há. Ife irínwó ó lé méjìlá ló wà nílẹ̀ láti kà. Ìyá yín pín in sí méjì: òṣìṣẹ́ kan ka ìdajì, òṣìṣẹ́ kejì ka ìdajì. Iṣẹ́ parí lásìkò, àbájáde rẹ̀ dùn ún wò, wọ́n sì dá ọjọ́ tí ìyá yín yóò gba àmì-ẹ̀yẹ. A gbọ́ pé Bàbá ti gbé kóòtù wọn lọ fún alágbàfọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyá yín ya àwòrán tuntun kan, wọ́n sì fẹ́ kí àgbàlagbà kan kọ́kọ́ fi ojú lásán wò ó. Wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ka bébà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ tí àdììtú bá wà lórí tábìlì. Ó wò ó títí. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé e lọ sójú fèrèsé, kò rí nǹkan kan. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan tó ń dúró de àyẹ̀wò na ọrùn wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò rí i ni? Pẹ́pẹ́yẹ ńlá nìyẹn. Òun tiẹ̀ ń wò yín." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì bá wọn rín in. Ìyá yín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tẹ̀ lé mi," wọ́n sì ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Nísàlẹ̀, wọ́n to ogún bébà síwájú rẹ̀. Mọ́kànlá péré ló kà bó ṣe yẹ. Ojú rẹ̀ kì í mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí bébà ṣe ṣókùnkùn tó ló ti ń fi kà á. Ibi tí oró bá ti pọ̀, ó máa ń kà á bó ṣe yẹ. Ibi tó bá ti kéré, á ní ó dáa. Ilé ìtọ́jú ojú ni wá, ojoojúmọ́ là ń yẹ ojú ará ìta wò, kò sì sí ẹnì kankan tó ronú láti yẹ ti àwa tí a ń ka bébà wò. Irú ilé bíi tiwa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, àpò ẹ̀pà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wà ní ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún àwọn ilé-ìwé. Bébà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kà ló ní kí wọ́n máa kó wọn jáde. Ìyá yín kò tíì jókòó tí wọ́n fi pe ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ lórí fóònù. Ọkùnrin náà ń ráhùn: "Màmá, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà o. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ó dáa." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Èmi náà ni mo ní kò dáa mọ́. Ẹ tilẹ̀kùn." Nígbà tí a tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, oró wà nínú àpò márùn-ún. Kò sí ọmọ kan tó fi ẹnu kàn án.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá yín kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n dá àbájáde náà padà. Àwa tí a rí ẹ̀dà rẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí: "Mo yẹ òfin ara mi. Ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe yìí ti wá." Àmì-ẹ̀yẹ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn kan ń sọ kiri pé iṣẹ́ ti ju agbára wọn lọ. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ pè láti béèrè ẹni tó ṣi bébà kà, ìyá yín sì ní, "Èmi ni olùdarí. Ta lẹ tún ń wá?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ rí nílé ni kóòtù Bàbá tó padà sórí ìkọ́ láìlọ síbì kan. Ohun tí ẹ kò rí ni ẹni tí ìyá yín dúró níwájú rẹ̀ kí òkò má baà bà á. Èmi akọ̀wé tí mo ń kọ lẹ́tà yìí lórúkọ gbogbo wa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi wá. Wọ́n kà á tán, wọ́n sì dá a padà fún mi. "Níbo lò ń lọ? Ojú tìẹ ni mo nílò jù báyìí. Bébà tí ìwọ ò bá lè kà, kò tíì dáa."

Oṣù mẹ́rìnlá ni a fi tún iṣẹ́ náà ṣe. Ìyá yín kó àwọ̀ dànù, wọ́n fi ìlà dúdú rọ́pò rẹ̀: ìlà méjì, ẹ máa jẹ ẹ́, ìlà kan, ẹ má fẹnu kàn án. Àwọn aláìsàn òkè wá di adájọ́ iṣẹ́ ìsàlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ gbé bébà súnmọ́ imú, ó ní, "Ìlà yín yìí mà rù o. Ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?" Ìyá yín rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìlà náà ti sanra. Èmi ni wọ́n fún ní àwọn bébà tó kẹ́yìn kà. Igba ni mo kà, igba ni mo gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ìyá yín lọ, ìwé ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n fọwọ́ sí i láìbéèrè àtúnṣe kankan.

A ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fi gbogbo ìtàn yìí sínú fáìlì tí àbájáde àtijọ́ wà, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Yàrá àwòrán àwọn ọmọdé yóò máa jẹ́ Yàrá Màmá Tún-un-Wò láti oṣù tó ń bọ̀. Bàbá, ní ti ojú òsì yín tí wọ́n ń tọ́jú, mọ́tò wa yóò ṣì máa wá gbé yín ní gbogbo ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹni méjì ni yóò sì máa wò ó. Bí èyíkéyìí nínú ẹ̀yin ọmọ bá fẹ́ wá kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ máa bọ̀. Ẹ mọ ọ̀nà.

Nínú àpótí tó bá lẹ́tà yìí wá ni awò ojú wọn tí wọ́n fi téèpù wé apá rẹ̀, ife tíì wọn, àti páálí bébà àkọ́kọ́ tó ti ẹ̀rọ jáde. Ẹ̀gbẹ́ páálí náà ni a tẹ ohun tí wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò sí: "Kí ẹni méjì kà á." A bẹ ọmọ wa àgbà pé kó ṣí i, kí ó fi ẹ̀pà ilé dán an wò, kí ó sì pe ẹnì kan wá bá a kà á. Ohun tí ìyá wọn ṣe lọ́dún náà nìyẹn.

Ẹni méjì ló ka lẹ́tà yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó jáde. Ẹnì kejì dá a padà, ó ní mo sọ̀rọ̀ ara mi jù. Mo ti gé e kù.

Kí Ọlọ́run, tí kò nílò kí ó tún ohunkóhun wò kí ó tó rí i, rí ibi tó ń dùn yín tí ẹ kò lè fọwọ́ tọ́ka sí, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tù yín nínú. Kí ó fún ìyá wa ní ìsinmi.

Akọ̀wé àwọn òṣìṣẹ́,
lórúkọ gbogbo ilé ìwádìí, lókè àti nísàlẹ̀