Apá Ọkọ Mi Kékeré

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Mo lóyún!

Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́. Jẹ́dì kò mọ̀, màmá mi ní Ìbíàdé kò mọ̀. Ìwé, ìwọ làkọ́gbọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti mọ̀, tí mo ń rìn kiri ilé ọkọ bí ẹni tó fi ẹyin sẹ́nu. Lónìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí orin ọpẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo jó títí sùtánà fẹ́ẹ̀ ya mọ́ mi lára. Jẹ́dì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé àwa méjì là ń jó.

(Orí ìwé nìkan ni mo ti lè pè é ní Jẹ́dì. Nínú ilé, Olówó-orí mi ni.)

N óò sọ fún un. Kí n kọ́kọ́ dá ayọ̀ yìí jẹ díẹ̀ ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Èébì. Ẹja yìnyín tí Àǹtí Sárà ń tà ló fà á. Èmi ọmọ Ìbíàdé! Èmi tí wọ́n bí sínú òórùn ẹja! Àǹtí Sárà — ẹ̀gbọ́n Jẹ́dì, tó ti kó padà sílé bàbá wọn níbí ní Òkè-Àgbò — ní, "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe pé o ti gbé e?" Mo ní ẹ̀wà àná ni.

Ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nílé yìí. Oríolúwa lorúkọ rẹ̀, oṣù mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n mo bá a nílé, ọkọ mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ìyàwó pe orúkọ rẹ̀. Adúmáadán ni mo sọ ọ́. Ó dú, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n fi epo pa. Tí mo bá ti pè é báyìí, á fò kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á nà sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ohun tí mo gbọ́ lónìí burú ju òórùn ẹja lọ.

Mo ń wẹ Adúmáadán. Mo wo apá rẹ̀, ó ń dán bọ̀rọ̀. Àwọn àbúrò mi nílé, gbogbo wọn ló ní àpá abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìkókó. Mo béèrè. Àǹtí Sárà bú sẹ́rìn-ín: "Àpá wo? Ṣé màlúù ni, tí wọ́n á fi sàmì sí i lára?"

Ọmọ náà kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí! Ẹnì kan ní kẹ́míìsì ló bá a kọ káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Torí pé ọmọ tó bá gba abẹ́rẹ́ pé ni ìjọba ń tìtorí rẹ̀ san owó ìdílé, Àǹtí Sárà sì ti ń jẹ owó náà bọ̀. Ó ní ara àkọ́bí òun gbóná mọ́jú nígbà tí wọ́n gún un. Ó ní omi àdúrà ti tó èyí.

Omi àdúrà tó fún ọmọ, kò wá tó fún ìyá? Inú mi ni mo ti sọ ọ́. Ìyàwó oṣù mẹ́ta, ẹnu wo ló ní? Ó ń sọ ọ́, ó ń lá ọbẹ̀ ní ìka. Ìríra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Èèyi, àrùn tí abẹ́rẹ́ ọmọdé ń dènà, ti dé Mámu nítòsí wa. Jẹ́dì gbọ́ ọ ní sọ́míìlì. Wọ́n ti sin ọmọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Àǹtí Sárà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọlọ́run ń bọ́ mi láti ibi tí mi ò fojú sí!" Gbogbo ìjọ ké Halelúyà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Wọ́n ní lọ́la, ní ilé ìwòsàn, àwọn tó ń gba owó ìdílé gbọ́dọ̀ gbé ọmọ wá. Káàdì nìkan kò tó mọ́, apá ni wọ́n fẹ́ rí. Àǹtí Sárà kò lè lọ, torí ní èṣí ó da omi ẹja lé àwọn nọ́ọ̀sì tó wá sílé lórí. Ó ní èmi ni n óò lọ. Mo ní ṣé kí n wẹ Adúmáadán? Ó ní, "Ta ló ní òun lo máa gbé?"

Ọjọ́rú, 17



Ní àárọ̀, Àǹtí Sárà lọ bá Hasanat, aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ọmọ rẹ̀, Hafeez, ẹgbẹ́ Adúmáadán ni, ó sì gba abẹ́rẹ́ pé. Àǹtí Sárà ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí Ìyàwó wa pọ̀n ọ́n díẹ̀, kí ọmọ lè tẹ̀ lé ọmọ wá sẹ́yìn rẹ̀." Inú Hasanat dùn! Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ọ̀já mọ́ mi láyà. "Ọlọ́hun á gbọ́ o, Ìyàwó. Àmín."

Àdúrà tó ti gbà nínú mi tẹ́lẹ̀ — òun ni wọ́n fi jí apá ọmọ ọlọ́mọ gbé.

Àǹtí Sárà sọ sí mi létí lẹ́nu ọ̀nà: "Tí wọ́n bá béèrè, Oríolúwa ni. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Nọ́ọ̀sì tí mo bá ní ilé ìwòsàn ti dàgbà, ó fi awò sí ṣóńṣó imú. Ó wo apá. Ó ní ó dáa. Ó ku díẹ̀ kí n lọ. Ó ní, "Orúkọ ọmọ?"

Mo ń tún ọ̀já so.

"Ìwọ kọ́ lo bí i ni?"

"Rárá, mà. Ọkọ mi ni."

Àwọn obìnrin tó jókòó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Áà, ìyàwó tuntun! O ò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Kí lo wá ń pè é nílé?"

"Adúmáadán."

Gbogbo wọn wo ẹ̀yìn mi. Hafeez pupa bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

"Èyí ni Adúmáadán?" ẹnì kan ní. Èkejì ní, "Bóyá ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ló sọ ọ́ lórúkọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nọ́ọ̀sì kò rín mọ́. Ó ní, "Pè é, kí n rí i." Mo pè é. Hafeez ń jẹ etí ọ̀já rẹ̀, kò tilẹ̀ wojú mi.

"Ọmọ ta ni?"

Mo sọ. Gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fà mí sápá kan, ó wo ojú mi, ó ní, "Ìwọ náà ti di ìyá, àbí?"

Ṣé ẹnu mi ló yọ̀, àbí mo mọ̀ọ́mọ̀? Ìwé, mi ò mọ̀. Mo lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 18

Hasanat ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó fọ ọ̀já náà lójú mi, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Tọkàntọkàn ni mo ṣe àdúrà yẹn fún ọ, Ìyàwó." Ìyẹn dùn mí ju èébú Àǹtí Sárà lọ. ("Ọ̀dàlẹ̀! Ọmọ apẹja!" Láti àárọ̀ di alẹ́.)

Mo sọ fún Jẹ́dì. Ó gbé mi sókè — ó pariwo, ó sunkún! Ó rọra gbé mi kalẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Àǹtí mi, ọmọ mi kò ní wá bá èèyi nílé yìí."

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Ara Adúmáadán gbóná. Àǹtí Sárà ní eyín ni. Kò jáwọ́ lára rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Eyín ni lóòótọ́! Funfun, bí hóró ìrẹsì. Mo jó.

Àǹtí Sárà kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìrọ̀lẹ́ ó wá dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn mi, òórùn ẹja lára rẹ̀, kò wo ojú mi.

"Ìyàwó. Tí wọ́n bá fẹ́ gún un, ṣé wàá bá mi dì í mú? Èmi ò ní lè wò ó."

Ó ṣì ń kó mi nírìíra. Káàdì kẹ́míìsì, ìjẹ́rìí rẹ̀, àdúrà Hasanat, mi ò tíì lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ gbé e wá, mà." Adúmáadán nà sí mi.

Nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ti dá owó náà dúró. Kí gbogbo ọmọ ilé wa wá, láìsí ẹni tí wọ́n yá, apá ní gbangba. Kí aláboyún náà wá gba tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án, kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Gbogbo wa.